Ìwé Ìtàn Ìlú: Èyí Tó Ṣọ̀wọ́n àti Èyí Tí Òǹkọ̀wé Buwọ́ Lù

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa, ní Ìdànrè)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí níbí mọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Bí ẹ bá gbọ́ pé alukoro fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tí ẹ máa ń retí ni owó àdáwó, tàbí orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè owó oṣù. Ẹ fọkàn balẹ̀. Akápò ń bọ̀ lẹ́yìn wa, tirẹ̀ nìyẹn. Ìwé ni tiwa lónìí.

Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé gbogboogbò tó kọjá. Ìgbìmọ̀ dá àbá pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó àjọ̀dún yìí sọ́tọ̀, kí a fi bẹ̀rẹ̀ àkójọ ìwé nípa Ìdànrè àti nípa ilẹ̀ Yorùbá: ìwé àtijọ́, ìwé tí wọn kò tẹ̀ mọ́, ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù. Àríyànjiyàn náà gbóná. Àwọn kan ní kí a fi owó náà ra àga àti àgọ́ tí a ó máa fi yá àwọn olóde, nítorí àga ń mówó wálé, ìwé kì í mú nǹkan wálé bí kò ṣe ikán. Ẹnìkan tilẹ̀ bi wá pé ṣé àwa òṣìṣẹ́ báǹkì ni a kò wá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní èrè mọ́. Nígbà tí a dìbò, ìwé ló wọlé, ṣùgbọ́n ìbò tó fi lé kò tó ohun tí ènìyàn lè máa yangàn sí. Nítorí náà, àwọn tó dìbò lòdì gan-an ni a ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, a sì fẹ́ kí ìlú gbọ́ ọ pẹ̀lú, torí pé ọ̀rọ̀ náà yóò kan àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn ẹni púpọ̀ nínú yín.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti orí ìwé tí ọ̀pọ̀ àlejò fi kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wa. Ní 1967, ilé iṣẹ́ Methuen ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé ewì Wọlé Ṣóyínká tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Idanre and Other Poems. Ewì gígùn tó fún ìwé náà lórúkọ, fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ti 1965 ni ó kọ ọ́. Òkè wa yìí ni ewì náà ti ṣẹ̀, Ògún ló sì wà ní àárín rẹ̀. Ní August ọdún 1967 kan náà ni ìjọba ológun mú un, kò sì jáde ní àtìmọ́lé títí di October 1969. Ní 1986 ó gba ẹ̀bùn Nobel. Gbogbo èyí ló sọ ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ìwé yẹn di ohun tí àwọn olùkówèéjọ ń wá kiri ayé, àgàgà èyí tí ìwé ìbora rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ tí òǹkọ̀wé sì buwọ́ lù. Ẹnìkan lè wà ní Amẹ́ríkà tí kò mọ ọ̀nà Àkúrẹ́, kí orúkọ Ìdànrè sì wà lórí pẹpẹ ìwé ní pálọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Òdòdé bá fẹ́ fojú kan ìtẹ̀jáde yẹn lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ? (A kò ní kí ẹ rò pé ewì náà rọrùn o. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti gbìyànjú rẹ̀, wọ́n ní àtẹ̀gùn òkè tó lé ní 600 yẹn sàn díẹ̀, ó kéré tán ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà.)

Ìyẹn ni ìwé tí àlejò kọ. Ó ku ti ẹni tí a bí sílé.

Ní 1893, ní ìlú wa níhìn-ín, wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún ìdílé ọmọ Bìní. Orúkọ rẹ̀ ni Jacob Uwadiae Egharevba. Ọmọ náà padà sí Bìní, ó sì di ẹni tó kọ ìtàn Bìní sílẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ ní ìgbà ayé rẹ̀. Èdè Ẹdó ló kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí ó tó gbé e jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1934 pẹ̀lú àkọlé A Short History of Benin. Lẹ́yìn ìyẹn ó kọ ìwé pẹlẹbẹ lórí ìwé pẹlẹbẹ, lórí òfin àti àṣà, lórí oyè, lórí àwọn ìdílé, lórí ìlú tó yí Bìní ká, títí tó fi lé ní ogún. Òun kan náà ni wọ́n fi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bìní lé lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí irú ìlú tó ń kọ ìtàn rẹ̀: ìlú tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó ní 1897, tí wọ́n kó idẹ àti eyín erin ààfin rẹ̀ lọ tà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá ti lọ tán, ẹnu àwọn àgbà ló kù, ẹnu àgbà ni Egharevba sì lọ gbọ́ ọ lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú.

Àwọn tó ní ìwé kan náà ni gbogbo wọn, kí a ṣáà ra èyí tuntun tó wà lọ́jà, ẹ gbọ́ èyí. Ìwé Egharevba yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìtẹ̀jáde kẹta jáde láti Ibadan University Press ní 1960. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn gbé àwọn ìtẹ̀jáde náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n rí i pé wọn kò dọ́gba. Ohun tó wà nínú èyí kò sí nínú ìyẹn, àlàyé lórí àwọn ọba àtijọ́ sì yí padà láti ọ̀kan sí èkejì. Bàbá náà ń gbọ́ sí i, ó ń ro ó sí i, ó sì ń tún un kọ. Ẹni tó ní èyí tó kẹ́yìn nìkan, ìpinnu rẹ̀ ló ní. Kò ní ìrìn tó rìn kí ó tó dé ibẹ̀. Ní báǹkì, kò sí ẹni tí yóò wo iye tó kù nínú àkáǹtì lónìí kí ó ní òun ti mọ bí oníbàárà ṣe ń náwó. Ìwé àkọsílẹ̀ owó láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a máa ń béèrè. Ìdí nìyẹn tí ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ fi ń wọ́n, kì í ṣe afẹ́ lásán.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ èyí kí ó wọlé: ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìlú tó lókìkí jù ní gúúsù Nàìjíríà, ilẹ̀ Ìdànrè ni wọ́n ti bí i. Mélòó nínú wa tó wà lábẹ́ àgọ́ yìí ló gbọ́ ọ rí kí òní tó dé?

Àwọn ìlú mìíràn ti tètè jí sí iṣẹ́ yìí. Isaac Babalọlá Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, ní èdè Yorùbá, nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ní 1955 ó di Olúbàdàn. Ẹ̀dà ìwé yẹn tí bàbá náà bá buwọ́ lù lẹ́yìn tó gorí oyè, ọba ló fọwọ́ sí ìtàn ìlú rẹ̀ yẹn. John Losi kọ ti Èkó ní 1914. Ajíṣafẹ́ kọ ti Abẹ́òkúta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1924. Olùkọ́, akọ̀wé ìjọba, ọmọ ìjọ ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, torí pé yunifásítì kò tíì sí nílẹ̀ yìí nígbà náà. Ìwé wọn kéré, bébà wọn kò nípọn, ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ kò pọ̀. Ohun tó mú kí wọ́n ṣọ̀wọ́n lónìí nìyẹn. Kò sí ẹni tó rò pé ìwé pẹlẹbẹ tí a rà ní ṣílè díẹ̀ yẹ kí a tọ́jú fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ti Samuel Johnson ni ó burú jù, ó sì jẹ́ ìtàn tí gbogbo ẹni tó ń kówèé jọ gbọ́dọ̀ mọ̀. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́ ni. Ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Ọba kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901, kò rí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, oníṣègùn ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́kọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Appam. Ní January 1916, ìgbà ogun ni, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà tòun ti ẹrù inú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà yè é, ó padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín. Obadiah náà kú ní 1920. Ní 1921 ni The History of the Yorubas tó jáde. Bí kì í bá ṣe pé àbúrò tọ́jú bébà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú àpótí, ohun tí a ó máa sọ pé Johnson wí, kò ní sí.

A mú ìtàn yìí wá nítorí ìbuwọ́lù pẹ̀lú. Ibi tí iṣẹ́ tí à ń jẹ ti bá ti ẹgbẹ́ pàdé nìyí, torí ó ti ń lọ sí ogún ọdún tí a ti ń fi ìbuwọ́lù tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀kì wé èyí tí oníbàárà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé Johnson wá, tó ní òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú, ẹ má wulẹ̀ wo ìbuwọ́lù rárá. Ẹni tó kú ní 1901 kò lè buwọ́ lu ìwé tó jáde ní 1921. Àbúrò rẹ̀ pàápàá kò lè ṣe é. Ọdún ni ẹ máa kọ́kọ́ wò nínú gbogbo irú ọ̀rọ̀ báyìí: ọdún tí ìwé jáde, ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Fágúnwà tiwa, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938, omi sì gbé e lọ ní December 1963. Ìbuwọ́lù tó bá ní ọjọ́ tó kọjá ìyẹn, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá.

Lẹ́yìn ọdún, gègé ni ẹ wò. Báírò kò tíì dé ọjà ayé kí Ogun Àgbáyé Kejì tó ń parí lọ. Ìwé tí wọ́n bá ní a fi báírò buwọ́ lù ní 1938, irọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ojú ìwé náà sẹ́yìn, kí ẹ fi ìka kàn án. Ọwọ́ ènìyàn máa ń tẹ bébà, ìwọ̀n tó fi ń tẹ̀ ẹ́ kò sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ ìwé tàbí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ gbá, pẹrẹsẹ ló máa ń rí. Èkẹta ni eré ọwọ́. Ẹni tó ń buwọ́ lùwé ara rẹ̀ kì í rò ó, ọwọ́ á sáré kọjá. Ẹni tó ń yí i, ńṣe ló ń yà á bí àwòrán. Á dúró níbi tí kò yẹ kí ó dúró, tàdáwà á kóra jọ síbẹ̀, ìlà á máa gbọ̀n. Bí ìbuwọ́lù méjì bá tilẹ̀ bá ara wọn mu láìyẹ̀ rárá, ìfura ni yẹn náà, nítorí kò sí ẹni tó ń buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀mejì bákan náà gẹ́lẹ́. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ ohun tí à ń wí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ lásán la fẹ́ràn jù. Ìwé tí òǹkọ̀wé kọ sínú rẹ̀ pé, fún lágbájá, ọjọ́ báyìí, ní ibi báyìí, nítorí oore báyìí, èyí níye lórí lójú tiwa ju ìbuwọ́lù gbọọrọ lórí ìwé tí a rà ní ilé ìtàwé. Ìlà méjì yẹn lè sọ fún wa pé òǹkọ̀wé wá sí Ìdànrè, ilé ẹni tó dé sí, àti ẹni tó sọ ìtàn fún un. Àwọn oníṣòwò máa ń sọ pé orúkọ ẹlòmíràn tó wà nínú ìwé ń já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń tà. Àwa kò tà.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé nígbà tí olówó rẹ̀ bá kú? Henry Carr ní Èkó kó ìwé jọ títí ilé rẹ̀ fi kún. Nígbà tó kú ní 1945, ìjọba ra ìwé náà, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé àti lẹ́tà Herbert Macaulay náà wà níbẹ̀ dòní. Àwọn èèyàn ńlá nìyẹn. Ní tiwa, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bàbá kú, àwọn ọmọ ti Èkó wá, wọ́n sin ín tayọ̀tayọ̀, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín oko kòkó, wọ́n ní kí wọ́n gbá yàrá bàbá. Àpótí bébà tó wà ní igun ilé, wọ́n gbé e fún ìyá alákàrà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti jẹ àkàrà tí wọ́n dì sínú ìtàn ilé yín.

Nígbà tí a bá sì ní ìwé tó ṣọ̀wọ́n, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nípa Ìdànrè, Ìdànrè ni ó wà. Ìwé ètò ìwúyè àwọn ọba wa. Ìwé àjọ̀dún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ, èyí tí àwọn àgbà fi ọwọ́ ara wọn kọ ìtàn àdúgbò sí. Ìwé ètò ìsìnkú, tí ìtàn ìgbésí ayé òkú àti orúkọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníkòkó, pẹ̀lú àtẹ̀ka àwọn tí kò mọ̀wé. Ìwé ẹ̀rí owó orí. Ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa tẹ̀ ní ọgbọ̀n, ogójì ọdún sẹ́yìn. Igba ẹ̀dà péré ni wọ́n lè tẹ̀ nínú òmíràn, kí mẹ́ta má sì kù mọ́ lónìí. Methuen tẹ ti Ṣóyínká, ilé ìkàwé ńláńlá sì ní in. Kò lè parẹ́. Èyí tí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tẹ̀ fún ayẹyẹ ìjọ yín ní ìgbà èwe yín, bí ti inú àpótí yín bá lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Òkè wa fúnra rẹ̀ ti wà nínú ìwé àjọ UNESCO láti 2007, lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Láti 1923 tí àwọn bàbá wa ti sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, ẹsẹ̀ Agbóògùn ṣì wà lára òkúta. Òkúta lè dúró de àwọn àlejò. Bébà kò lè dúró dè wọ́n. Bí wọ́n bá dé tí wọ́n béèrè ẹ̀rí tó wà ní kíkọ, ẹ̀rí wo la ó kó fún wọn?

A ó sọ díẹ̀ nípa ìtọ́jú, nítorí a gbọ́ pé àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé bàbá wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ máa ń di pupa, á jẹ bébà wọnú, kò sì ní ṣeé yọ. Ẹ má fi ọ̀rá gbígbóná bò ó bíi káàdì ìdánimọ̀. Ẹ má fi báírò kọ nǹkan sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó ni ín, pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, sí ẹ̀yìn, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìlú olókè ni wá, òjò wa pọ̀, ọ̀rinrin ń wọ ògiri: nítorí náà kí ìwé má fara kan ògiri, kí ó má sì wà nílẹ̀. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ń lé kòkòrò, ṣùgbọ́n ẹ má kì í sí àárín ojú ìwé. Ìwé tí kòkòrò bá ti wọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí atẹ́gùn má wọlé, kí ẹ gbé e sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan; òtútù líle á pa kòkòrò náà àti ẹyin rẹ̀. Ìyẹn bí iná bá wà o. Bí iná kò bá sí, ẹ gbé e wá fún wa, a ó wá ilé ẹni tó ní ẹ̀rọ amúnáwá.

Àwọn kan béèrè pé ṣé a kò kàn lè fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, kí a dá ìwé padà fún olówó rẹ̀. A ó ya á, a sì ti pinnu pé ẹni tí kò bá fẹ́ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, àwòrán rẹ̀ nìkan ni a ó gbà. Ṣùgbọ́n òfin wà. Ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti Johnson ti di ti gbogbo ayé. Ti Fágúnwà àti Akínyẹlé kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ̀tọ́ bá ṣì wà lórí rẹ̀, a ó tọ́jú àwòrán rẹ̀ fún ẹni tó bá wá kà á níbí, a kò ní máa pín in kiri lórí WhatsApp.

Òfin kejì kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Láti 1970 ni òfin Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ti sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ síbẹ̀ láàárín oṣù kan. Kò yọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò yọ ìjọ sílẹ̀. Ìwé àjọ̀dún tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ẹ̀dà mẹ́ta rẹ̀ yóò lọ, a sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Òmíràn yóò lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ tó bá ti ṣe ọdún mẹ́wàá, ogún tàbí ọgbọ̀n rí, tí kò fi tirẹ̀ ránṣẹ́, kò tíì pẹ́ jù.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, tí a mọ̀ pé òun ni ẹ ń dúró dè. A wádìí iye tí wọ́n ń ta ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ Idanre and Other Poems tí òǹkọ̀wé buwọ́ lù. A kò ní sọ iye náà níbí kí oúnjẹ má baà há àgbàlagbà lọ́fun. Ìmọ̀ràn tiwa, tí ìgbìmọ̀ sì ti gbà, ni pé kí a má rà á ní ọdún yìí. Kí a ra èyí tí kò ní ìbuwọ́lù bí ó bá bọ́ sí owó tí apá wa ká, kí ọmọ ìlú lè gbé e lọ́wọ́. Owó tó kù, kí a fi ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí ikán kò lè jẹ, kí a fi san owó ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa lọ láti ilé dé ilé, Òdòdé, Aládé àti àwọn abúlé, kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ó tó di pé a béèrè pé ta ni yóò fún wa. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ṣì fẹ́ ìwé tí Ṣóyínká buwọ́ lù. Wọ́n ní ohun tí ìlú fi ń fẹlá náà dára. Wọn kò jẹ̀bi. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó wà lókè òkun tó bá ní in, tó sì fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lára kọ́bọ́ọ̀dù wa, a kò ní kọ̀ ọ́.

Ìlànà tí a fi ń gba ìwé nìyí. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni kọ́bọ́ọ̀dù náà ní, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá ẹgbẹ́, a kò sì lè ṣí i láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Báǹkì ni a ti jí ìyẹn kọ́. Gbogbo ìwé tó bá wọlé yóò ní nọ́ńbà, ọjọ́ tó dé, orúkọ ẹni tó mú un wá, àti bóyá ó fún wa ni tàbí ó fi ṣọ́ wa lọ́wọ́ ni. Ẹni tó fi ṣọ́ wa yóò gba ìwé ẹ̀rí, ọjọ́ tó bá fẹ́ ẹ ni yóò gbà á padà, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì lè wá gbà á. A ṣe ìyẹn nítorí àwọn àgbà tó sọ fún wa pé àwọn kò fẹ́ kí ogún ilé àwọn di ti ẹgbẹ́. Kò ní di ti ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin àgbà mẹ́ta tí ẹ kọ ìtàn àdúgbò yín sínú ìwé àjọ̀dún yìí, a bẹ̀ yín kí ẹ má tíì lọ. A ti fi ẹ̀dà mẹ́wàá sílẹ̀ fún yín láti buwọ́ lù, kí ẹ kọ ọjọ́ òní sí i, kí ẹ kọ Ìdànrè sí i. Tábìlì tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé sí, ni akọ̀wé ti ń dúró pẹ̀lú ìwé ńlá àti pẹ́ńsùlù. Ẹni tó bá sì mú ìwé dání láti ilé, kí ó yà síbẹ̀ kí ó tó lọ jẹun, kí ọbẹ̀ má baà ta sí i.